Ìwé Kékeré Aláwọ̀ Ewé

Nílé ìdáná ìyá rẹ ní Kutaisi la ti bẹ̀rẹ̀, Mzevinar,
ní àjà kẹrin, níbi tí ẹ̀rọ agbéniròkè ti kú kí wọ́n tó bí mi.
Bọ́tìnnì kan ti yọ lára kọ̀ǹpútà rẹ;
ìka rẹ a máa wá ihò rẹ̀ kiri
bí ẹni ń fi ahọ́n wá eyín tó ti ká.

Oníṣègùn eyín sì ni oníbàárà wa àkọ́kọ́.
Ó kó igba lárì lé wa lọ́wọ́,
ó ní kí gbogbo ìlú gbọ́ orúkọ òun.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi polówó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.
Ẹgbàágbèje ojú rí i,
àga ìdúró rẹ̀ ṣófo bí i ti àná.
Ìwọ lo rí àṣìṣe náà lóru:
Batumi ni mo yàn, n kò yan Kutaisi.
Àwọn ará etí òkun ló ń wo àwòrán eyín funfun wa,
ta ni yóò wọkọ̀ wákàtí méjì nítorí eyín tí kò dùn ún?

Mo ní ká dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀?
O wọ bàtà òjò, o sọ̀kalẹ̀,
o ka igba lárì sórí tábìlì rẹ̀,
o ṣàlàyé ọ̀nà tí owó gbà lọ.
Ọkùnrin náà wò ọ́ títí,
ó wá rọra ti owó náà padà síwájú rẹ.
Alẹ́ ọjọ́ yẹn lo ra ìwé kékeré aláwọ̀ ewé,
o kọ ọ́ sójú ewé kìíní: Batumi.
O dé e.

Àwọn èèyàn rò pé ariwo la ń tà.
Àwọn tó ṣí tiwọn lódìkejì odò Rioni
ra àga aláwọ, wọ́n kọ orúkọ sára gíláàsì,
kí wọ́n tó ní oníbàárà kan ṣoṣo.
Ìwọ ń lọ jókòó ti Guguli tó ń yan búrẹ́dì,
láago márùn-ún ìdájí, ìyẹ̀fun lórí ẹ̀wù rẹ,
ò ń gbọ́ ohun tí oníkálukú ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà:
ṣé ó ṣì gbóná?
Ibẹ̀ lo ti yọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ó ṣì gbóná.
A kọ aago tí búrẹ́dì ń jáde nínú ààrò sábẹ́ rẹ̀.
Kí oṣù tó parí, èèyàn tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà.
Aránbàtà bínú, ó wá bá wa jà,
ó di oníbàárà kẹta.

A di mẹ́sàn-án. A kúrò nílé ìdáná.
Iléeṣẹ́ wáìnì kan gbé wa pọ̀n;
nínú lárì mẹ́wàá tó ń wọlé, tirẹ̀ ni méje.
A mọ̀ pé igi kan kì í dágbó ṣe,
a ṣì fẹ̀yìn tì í.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́tà ìlà mẹ́rin dé:
ọ̀gá tuntun ti gorí àga, àna rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ wa.
Oṣù mẹ́rin lo fi sanwó fún wa láìmú kọ́bọ̀ délé.
O ta ọkọ̀ rẹ, o ní ẹsẹ̀ ń fẹ́ eré ìdárayá.
Ìyá rẹ ń gbé ìkòkò ẹ̀wà wá lọ́sàn-án,
kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan.

Lónìí mo wá sọ fún ọ pé mò ń lọ,
pé mo fẹ́ dá tèmi sílẹ̀ ní Telavi.
Láti ibùdókọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà;
mo dé iwájú rẹ, ó fọ́n ká.
O fa dúrọ́ọ̀, o gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.
Mo rò pé ìmọ̀ràn ló kún inú rẹ̀.
Àṣìṣe ni, ojú ewé lé ojú ewé,
tìrẹ, tèmi, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lọ.
Mọ́kànlá péré ló ṣófo lẹ́yìn.
O ní, "Badri, ìyẹn tìẹ,"
o sì bi mí bóyá mo ti jẹun.